Òkun Inú Fóònù

Deido ni mo ń gbé ní Douala, aṣọ ni mo sì ń rán ní ọjà Marché Congo. Omi Wouri kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló ń lọ, àwọ̀ ẹrẹ̀ ló sì ní. Kò kún ojú mi rí. Èmi tí wọ́n bí sétí òkun, ní ìkángun Èkó, ta ló fẹ́ fi odò tàn mí jẹ?

Ní àdúgbò tí wọ́n ti bí mi, ilé alájà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ajẹ́lẹ̀, níbi tí òyìnbó tó ń ṣàkóso wa láyé amúnisìn gbé. Orí àtẹ̀gùn rẹ̀ la ti máa ń gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ wa dànù, kí àwọn ìyá wa má baà mọ̀ pé a lọ wẹ̀ lókun. Wọ́n máa ń mọ̀ ṣá, nítorí iyọ̀ ti funfun lára wa. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ọmọbìnrin mi, tí mo bí síbí, kò débẹ̀ rí. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé a óò lọ, iṣẹ́ kì í jẹ́. Ìyá mi ti ń darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí lè má bá a láyé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe ìyá mi, mo sì gbé fóònù fún ọmọ.

"Màmá àgbà, mo fẹ́ wá wo okùn."

"Okùn kẹ̀? Ta lo fẹ́ dè?"

Mo pariwo pé òkun ni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ká má pa fóònù, òun ń gbé e lọ sétí omi kí ọmọ òun lè gbọ́ ọ.

"Màámi, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ó ti ń lọ. A gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń wọ́ nínú iyanrìn, a gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ìgbì dé. Omi bọ́ lójú mi.

Òjò ni ọmọ Douala mọ̀. Ọmọ mi tẹ́tí, ojú rẹ̀ yí padà, ó kígbe sínú fóònù: "Màmá àgbà, òjò! Ẹ wọlé o, òjò á pa yín!"

Mo fẹ́ gba fóònù kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìyá mi ti dáhùn.

"O ṣeun, ìyá mi. Mo ti ń wọlé."

Ó yí padà lóòótọ́. Mo ń gbọ́ òkun bó ṣe ń jìnnà.