Bí Mo Ṣe Sọ Ọkùnrin Oníke Di Òkú

Màmá mi sọ fún gbogbo ọjà pé láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń wá sí láàbù tiwa ti kọjá ibi tí oògùn lè bá wọn dé. Ara mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn ni ọ́fíìsì wa fẹ̀yìn tì, ọ̀gá mi sì ni obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní dókítà òkú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ òkú wò, kí ó sì sọ ohun tó pa á. Tèmi ni láti kọ nọ́ńbà sórí pépà pélébé, kí n so ó mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òkú, kí n kọ nọ́ńbà kan náà sínú rẹ́jísítà, kí n sì máa kọ ohun tí ọ̀gá mi bá ń sọ sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú èèyàn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì kí n tó lè so pépà mọ́ àtàǹpàkò.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa: n kì í bẹ̀rù òkú. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ẹnikẹ́ni rí mi níbi tí mo ti ń bẹ̀rù òkú. Ó yàtọ̀. Mo ti ronú sí i púpọ̀. Nítorí náà mo dá ọgbọ́n kan: ojú kan ni mo fi ń wò wọ́n, n ó sì yí orí díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lójú. Baba tó ń bá wa tọ́jú òkú, Ìlàjẹ kan tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, máa ń wò mí títí, á ní, "Ọmọ ìwé, ṣé àna rẹ ni, tí o fi ń yíjú?"

Ọdún náà ni Wàrrí gbóná. Àwọn ẹ̀yà ń jà lórí ẹni tó ni ilẹ̀, àwọn oníbọn wà lórí omi, sójà wà lójú títì, kọ́fíù sì ń kó gbogbo wa wọlé bí adìẹ. Àwa Yorùbá kò sí nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í béèrè ìlú ẹni kó tó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin kan ará Ọ̀yọ́ tó ń ta ike ti sọnù. Ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló kan ti màmá mi. Ọkùnrin náà kó abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ogbe-Ijoh, pé òun ń lọ nájà ní àwọn abúlé inú omi. Lọ́jọ́ kejì, a gbọ́ pé ìbọn ń dún lọ́hùn-ún, ọkọ̀ náà kò sì padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ní mọ́sálásí bá ọlọ́kọ̀ kan ṣàdéhùn pé tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn yóò wọ inú omi lọ wá a láti abúlé dé abúlé.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn apẹja fa òkú kan wá sí etí omi, tí ọlọ́pàá sì gbé e wá fún wa. Baba wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá mi há sí Effurun, torí sójà ti dí ọ̀nà. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú pépà pélébé mi.

Omi ti ṣe òkú náà bí omi ṣe ń ṣe òkú. Ó wú, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ kọjú sókè. Mo fi ojú kan wò ó, mo sì rí ilà mẹ́ta ní ìbú, gbọọrọ, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Àbàjà. Bàbá bàbá mi ní irú rẹ̀. Ọkùnrin oníke náà ní irú rẹ̀. Mo ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tí mò ń wo bí ilà náà ṣe ń rìn nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló tún ń kọ àbàjà nínú omi Wàrrí?

Ohun tó ṣe mí lákòókò yẹn, mo ti gbìyànjú láti tú u palẹ̀. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀. Àánú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ayọ̀ díẹ̀ náà wà níbẹ̀, ayọ̀ ọmọ tó mọ ìdáhùn lọ́jọ́ tí olùkọ́ kò wá.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ohunkóhun tí mo bá rí, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí òkú títí òun yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí òfin náà. Mo rántí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi dé ọjà.

"Ẹ jókòó, mà," mo sọ fún ìyàwó oníke.

"Mo ti jókòó láti ọjọ́ mẹ́fà. Sọ ọ́."

"Wọ́n gbé ẹnìkan wá bá wa. Ó ní ilà."

"Irú ilà wo?"

Mo fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi. Ó wo ìka mi títí. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ wọlé, ó ń ti ọ̀kan bọ inú ọ̀kan, bíi pé òjò ló ń ṣú.

"Mo fẹ́ wò ó," ó ní.

"Ẹ má wò ó, mà. Omi ti bà á jẹ́. Bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa rántí rẹ̀."

Mo rò pé mo sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Màmá mi pàápàá wò mí bí ẹni pé owó ilé ìwé mi kò ṣòfò.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé máa fi mọ́, wọ́n ti sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sílé oníke. Ìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ opó, ó sì jókòó ti oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn wa là sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí wá ń pariwo ní ẹnu ọ̀nà wa pé òkú Mùsùlùmí kì í sùn sílẹ̀, kí a gbé e fún àwọn. Mo ní dókítà kò tíì dé, òkú kò sì lè jáde láìsí ìwé rẹ̀; Baba pàápàá kì í ṣí aṣọ lójú òkú tí ọlọ́pàá bá gbé wá títí dókítà yóò fi dé. Wọ́n bú ìjọba, wọ́n bú sójà, wọ́n bú dókítà. Èmi ni wọn ò bú. Èmi ni ọmọ dáadáa.

Ọjọ́rú ni ọ̀gá mi tó rí ọ̀nà dé. Pijin ni gbogbo wa ń sọ níbẹ̀, mo kàn ń yí i sí Yorùbá bó ṣe yé mi ni.

"Ta lèyí?" ó béèrè, ó ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Ará wa ni, mà. Yorùbá ni. Ẹ wo ilà."

"Baba, ẹ bá mi yí i."

Baba yí òkú náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mọ́ lóló.

Ọ̀gá mi wo Baba. "Lọ́dọ̀ tiyín, ṣé wọ́n máa ń kọ ilà ní ìdajì?"

"Bóyá abẹ ló kán mọ́ olóòlà lọ́wọ́, mà," Baba dáhùn.

Ọ̀gá mi fi irin kékeré gbé etí ilà náà sókè, ó ní kí n súnmọ́ ọn, kí n sì la ojú méjèèjì. Ó ṣàlàyé pé ilà tí wọ́n bá kọ fún alààyè máa ń jiná, awọ á padé, á sì le. Èyí ṣí sílẹ̀ bí ẹnu àpò, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó rọ́ sí etí rẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú kí nǹkan tó ya á lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Kí ló ya á, mà?"

"Akàn," Baba ló dáhùn. "Olóòlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá. Ká ní o dúró kí n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ọmọ ìwé, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ti jẹ ẹbí rẹ̀ púpọ̀."

Ọ̀gá mi la ẹnu òkú náà. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọkùnrin yín?"

"Ó lé ní àádọ́ta, mà."

"Eyín tó gbẹ̀yìn lẹ́nu eléyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ìwọ gan-an lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, torí iṣẹ́ mi ni. Mo fa igi lé "Yorùbá," mo kọ "ọ̀dọ́kùnrin." Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí ọkọ̀ ojú omi.

"Mà," mo ní, "wọn ò lọ wá a mọ́."

"Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ?"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jù ú nù. "Na you go tell them," ó ní, pé èmi fúnra mi ni n ó lọ sọ fún wọn, ó sì lọ fọwọ́.

Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo, ǹ bá ti sunkún, ọ̀rọ̀ ì bá sì yí padà di ọ̀rọ̀ tèmi. Mo rò pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Baba tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé oníke, ó ní òun kò ní wọlé, òun kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo mú ẹ̀ṣọ́ wá. Àwọn obìnrin kún orí ẹní, màmá mi wà láàárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kì í ṣe òun."

"Kí ni kì í ṣe òun?"

"Òkú náà. Akàn ló…"

Màmá mi gbé ọwọ́ lé orí. Obìnrin kan kígbe, "Alhamdulilahi!" Èkejì ní, "Ta wá ni mo ń sunkún fún láti ọjọ́ Àìkú, tí ojú mi fi wú báyìí?"

Ìyàwó oníke kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. "Ṣé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé?" ó béèrè. Ó dìde nínú aṣọ opó, ó wá bàtà rẹ̀ rí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àga.

Baba ló mú un lọ sí Ogbe-Ijoh. Ẹ̀gbọ́n Baba obìnrin ń yan ẹja ní abúlé kan nínú omi. Baba ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹja, torí kò sẹ́ni tó ń yìnbọn sí wọn: gbogbo oníbọn ló ń jẹ ẹja.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni èsì dé. Ọkùnrin oníke wà láàyè. Ó wà nílé àwọn Ìlàjẹ kan, ọta ti fọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, omi gbígbóná àti epo pupa ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ náà ti dúdú. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ fún ọ̀gá mi pé ká ní wọ́n gbé e wá ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, bóyá. Mo ti gbé "bóyá" yẹn yẹ̀ wò ní ọ̀tún àti òsì. Kò sí ibi tí mo gbé e gbà tó fúyẹ́.

Mo lọ bá a ní wọ́ọ̀dù, mo kúnlẹ̀.

"Ìwọ lo sìnkú mi?"

"A ò tíì sin yín, sà."

"Wọ́n ní èèyàn pọ̀ níbẹ̀."

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Ta ni ò wá?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora gbé e mì. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò gbójú sókè.

Ọmọkùnrin inú omi náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá béèrè rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ó ṣáà rí ẹkún ọjọ́ mẹ́ta gbà, pé kò sọ nù tán. N kò mọ̀ bóyá òun ni mo fi ń tù nínú tàbí ara mi.

Ohunkóhun tí wọ́n bá gé lára èèyàn nílé ìwòsàn wa, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ló ń bọ̀, kí ó lè gé ẹyọ kékeré nínú rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ oníke ṣe dé iwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ pépà rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà kankan dà bí òmíràn. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n lọ bá òun sin ẹsẹ̀ òun dáadáa, ìyàwó rẹ̀ sì wá gbà á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo gbé e fún un nínú aṣọ tí a fi wé e. Ó ka pépà náà. Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fi ìka mẹ́ta fa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé tiẹ̀ ni?"

Ọ̀gá mi wà nínú yàrá kejì. Baba dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dá àpárá kankan. Mo ní ìdáhùn lẹ́nu: rẹ́jísítà wà, nọ́ńbà wà, orúkọ dókítà tó gé e wà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo tú aṣọ náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wá wò ó."

Ó tẹ̀ mọ́ ọn. Ó di àtàǹpàkò náà mú, ó fi ìka nu èékánná rẹ̀, èyí tó ti là sí méjì. Ó ní ìkòkò irin ló já lé e lọ́dún tí àwọn ṣègbéyàwó, pé ọkọ òun fi ẹsẹ̀ kan fò yí ilé ká, tí àwọn àlejò rò pé ó ń jó.

"Tiẹ̀ ni," ó ní. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.