Ilé tí Aránṣọ Fẹ́ Rà

"Àǹtí, ṣé ilé yẹn dára ni àbí kò dára?"

Ẹnu ti ń yún ọmọdébìnrin tó máa ń tẹ̀ lé àǹtí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ yìí láti inú ilé tí wọ́n ti ń bọ̀, àmọ́ ojú ń tì í. Iṣẹ́ àǹtí rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tó fẹ́ ra ilé wá a, kó sì bá wọn ná an. Aránṣọ kan ló ń ṣiṣẹ́ fún lọ́jọ́ náà. Ó ti sú obìnrin náà láti máa jẹ́ ayálégbé. Bó ṣe rí yàrá tó máa gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣe ló ń fọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Àǹtí ní tiẹ̀ fajú ro. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó ní ó ń jò. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ó ń ké bí ewúrẹ́.

Inú bí bàbá tó ni ilé. "Ìyáàfin, ṣé ilé lẹ wá rà ni àbí èébú lẹ wá tà?"

"Ilé ni, sà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé la ń rà."

Omi lé ròrò sójú aránṣọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, ó rò pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Àfi bí bàbá náà ṣe sáré bá wọn lójú títì, tó dín owó rẹ̀ kù débi tí agbára aránṣọ fi ká a. Àǹtí ní, "Ẹ rà á kíákíá!"

Orí ọmọ dàrú. Àǹtí kàn rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí ọmọ náà ti dàgbà, tí òun náà ń wá ilé rà, ó tún bi àǹtí rẹ̀.

"Ó dára gan-an," ni àǹtí wí. "Ojú aránṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé, ni mo bá ń fi ẹnu tèmi bò ó, kí onílé má bàa gbówó lé e. Ìwọ tó máa ń tẹ̀ lé mi, ká ní mo sọ fún ọ nígbà yẹn, ojú tìrẹ náà ì bá tú wa fó nílé mìíràn tá a bá lọ wò."