Orin Tí Mo Yà sí Kabba Láti Gbọ́

Mo rántí bí oòrùn ṣe ń ta mí látàrí ní pápá ìṣeré Kabba, lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ìlọrin ni mo ti wakọ̀ wá, Abuja ni mò ń lọ, n kì bá sì ti dúró bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Màmá. Àwọn ni wọ́n máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá, ṣùgbọ́n èmi ti wà nídàálẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò gbà mọ́, pé ẹlòmíràn ni yóò máa dá a lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ni mo bá ra fìlà aláwọ̀ ewé àti funfun lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì pe ìyàwó mi ní Abuja pé kó gbé oúnjẹ alẹ́ mi pa mọ́. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó máa sè ni mò ń rò!

Àárọ̀ ni wọ́n pè wá sí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọn ò tíì kọ orin kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò pẹ̀lú fèrè wọn, àwọn ìyá wà lábẹ́ àtíbàbà nínú aṣọ funfun, ṣùgbọ́n àlejò pàtàkì ò tíì dé. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá kékeré kan bá sì wọlé, adarí ètò á pariwo: “Ẹ dìde o! Ráńkàdédé ti dé!” Gbogbo wa á dìde. Màmá á gbá èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mú, wọ́n á rọra nà ró, wọ́n á tún rọra jókòó. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Lọ́jọ́ náà, baba yẹn ti rìnrìn àjò kúrò lọ́dọ̀ mi.

Mo lọ bá bàbá tó ń ṣètò, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀.

“Okun o, Bàbá. Ẹ ò ṣe jẹ́ káwọn ìyá kọrin ná?”

“Okun, ọmọ wa. Ta ni wọn ó kọ ọ́ fún? Àlejò ò tíì dé.”

Mo nawọ́ sí gbogbo èrò inú pápá. “Àwa ńkọ́, Bàbá?”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo dápàárá. Inú bí mi, mo padà sáàárín èrò.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

“Máa lọ, ọmọ mi.”

“Màmá, nítorí yín ni mo ṣe yà.”

“Mo mọ̀. Bí o ò bá gbọ́ orin, kò ní pa mí. Ọ̀nà yẹn ni mò ń bẹ̀rù.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ, omi lé ròrò sójú mi. N kò tíì kúrò nílùú tí ọkọ̀ kan tí fèrè rẹ̀ ń ké lé mi wọgbó. Àlejò pàtàkì ló ń kọjá lọ sí pápá. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi láàárín ewéko, mo ṣépè díẹ̀, mo sì tẹ̀ síwájú.

Ẹlòmíràn ló ń dá orin báyìí. Ilé ni Màmá ń jókòó sí. Nígbà tí mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní orin ẹgbẹ́ ni, ẹnìkan kì í dá a kó tún gbè é. Mo wá bi wọ́n bóyá ó dùn mọ́ àlejò náà lọ́jọ́ yẹn.

“Ó sọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, ó lọ. Àwọn èèyàn sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ló tó kàn wá.”

“Ta ló wá gbọ́ ọ, Màmá?”

“Àwọn àga. Wọ́n jókòó dáadáa.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín sí i dòní.