Fìlà Àká Ìyá Mi

Lọ́dún tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, èsì ìdánwò wa kò tètè dé, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò pé mo fìdí rẹmi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá gbogbo ohun tí mo kọ́ kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni nílé wa ní Kàbà. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò bàbá mi wá tún òrùlé àká ìyá mi ṣe, mo sáré mú pẹ́ńsù àti bébà.

Inú àká náà ni ọkà bàbà ìyá mi wà, èyí tí a ó jẹ àti èyí tí a ó gbìn. Wọ́n ti ká òrùlé àtijọ́ kúrò, ẹní méjì péré la fi bo ọkà náà. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú.

Ilẹ̀ la ti máa ń kan òrùlé àká lọ́dọ̀ wa, ká tó gbé e sókè bí ẹni dé fìlà. Ìdí rẹ̀ á rí róbótó, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Àbúrò bàbá mi ri igi kan mọ́ àárín, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ó fa òbìrí yí i ká, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti ìdí igi dé etí òbìrí. Bó ṣe fẹ́ na okùn láti orí igi wá sí etí náà kí ó fi wọn gígùn ọparun tí a ó fi ṣe egungun òrùlé, mo dá a dúró.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Gíga rẹ̀ ti hàn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni ká gé ọparun sí."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

A gé gbogbo ọparun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀, orí wọn kò dé orí igi àárín. Òrùlé náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àbúrò bàbá mi wò ó títí. "Ọmọ ìwé, fìlà ni mo ní ká ṣe, àwo lo ṣe yìí. Òjò á jókòó sórí rẹ̀, á ní kí ìyá rẹ gbé omi mímu wá."

"Ẹ má fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́," ni ìyá mi wí. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ọkà mi ń wo ojú ọ̀run."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sá lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sá, ìtìjú náà á bá mi lọ, ọkà á sì tún rẹ. Mo bá kúnlẹ̀ ti igi náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé gíga òkòtó yàtọ̀ sí gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́. Igi, ilẹ̀ àti okùn di igun mẹ́ta. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Àròpọ̀ wọn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn márùn-ún lọ́nà márùn-ún.

"Márùn-ún ni, bàbá. Èmi ni mo ṣì í, ìwé kọ́."

Ó na okùn rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Márùn-ún géérégé. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

A yọ ọparun tó ṣì le nínú òrùlé àtijọ́, a fi so àlékún mọ́ ti tuntun. A fi koríko bò ó, àwọn ará ilé bá wa gbé e sókè. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá wa lórí àkàsọ̀.

Nígbà tí òjò dá, ìyá mi ti ọwọ́ bọ inú àká dé ìgúnpá. Ó fà á jáde, eruku ọkà ló bò ó.

"Ó gbẹ," ni ó wí.

Àbúrò bàbá mi jókòó tì mí. "Wàyí o, bí a bá fẹ́ bo àká tèmi, tó tóbi jù yìí lọ, ìdì koríko mélòó la ó gé?"

N kò mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wá bi mí. Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi bí àká náà ṣe fẹ̀ tó.