Ibi Tí Bàbá Ṣùbòmí Ti So Igi

Wẹ́dà ni mí ní Siluko Road, ní Bìní, iṣẹ́ mi ò sì lẹ́wà. Irin tí mo bá jó pọ̀, afọ́jú á fọwọ́ bà á, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Títíloyè ní tiẹ̀, bàbá Ṣùbòmí, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi, ìgbéraga ló fi ń so igi. Á gé orí pákó méjì ní ìdágẹ̀rẹ́, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, á fá a, á fi sáńpépà yún un títí ojú ìsopọ̀ á fi pòórá. Á wá pè mí: "Wẹ́dà, wá wá a!" Mi ò ní rí i. Kó tó fi mí rẹ́rìn-ín tán, ara mi á ti gbóná fún ìbínú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí gbogbo Bìní mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ igi í so tó òun.

Lọ́dún tó kọjá, Díákónì Akíntáyọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ní kó kan àga gbọọrọ fún àwọn àgbà ìjọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. "Pákó kan ṣoṣo o! Àga ilé Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ní oríkèé."

Pákó wo? Èyí tí à ń rí rà kì í ju ẹsẹ̀ méjìlá lọ. Bàbá Ṣùbòmí ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà." Ó so pákó méjì pọ̀. Èmi nìkan ló rí i nígbà tó ń so ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àga sí mímọ́, Díákónì gba máìkì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá igi gígùn báyìí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Fún igi o! Bàbá Ṣùbòmí fò dìde: "Èmi ni mo so ó! Ibí yìí gan-an!"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Díákónì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Àwọn ìyá ìjọ fi èékánná họ ọ́. Bàbá Ṣùbòmí fúnra rẹ̀ tutọ́ sí i, ó nù ún, asán ni. Ṣùbòmí ọmọ rẹ̀, tí kì í fi Yorùbá dá èèyàn lóhùn, ń kùn: "Daddy, abeg, siddon. Which joint?"

Díákónì ní, "Bàbá, ẹ má bá Ọlọ́run du ògo."

"Wẹ́dà!" ó ké sí mi. "Ṣebí ìwọ rí mi nígbà tí mò ń so ó? Sọ fún wọn!"

Gbogbo ẹ̀rín tó ti fi mí rín rọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Èmi ò rí nǹkan kan o." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Ó sáré lọ mú ayùn wá, ó ní òun á gé e kí wọ́n rí i. Ó gbé ayùn lé igi náà. Kò lè gé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sórí àga náà, ó dorí kodò. Ojú tì mí, ẹ̀yin ará. Ìwà ìkà ni mo hù.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Mo rí yín nígbà tí ẹ ń so ó."

Ó gbójú sókè. "Ìwọ tó o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wá a báyìí."

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ tọ́ àga náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi imú gbóòórùn rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra fún un pé mi ò rí i.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ara mi ò gbóná.