Ìwé Tí A Lọ Gbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

A kírun Sùbúì tán ká tó jáde nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Èmi àti Àmínátù, ọmọ-ọmọ mi, la jọ ń lọ. Sídíkátù, ọmọ mi obìnrin tó bí i, sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún ìborùn ọmọ rẹ̀ ṣe, kò sì bá mi sọ ju "Ẹ rọra o, Bàbá" lọ. Ó mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti ìwé, n kò ní fẹsẹ̀ tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́ láyé mi.

Àmínátù fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó yege ìdánwò àṣewọlé, ó sì yan yunifásítì kan tó máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fún ọmọ Èkó, nítorí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú, wọn kì í sì í kọ ọ́ bí olórí ẹbí bàbá kò bá fọwọ́ sí i pé ọmọ àwọn ni. Máàkì rẹ̀ dára, àmọ́ kò tó fi du àyè pẹ̀lú gbogbo ayé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni yunifásítì máa dẹ́kun gbígba ìwé náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sì gbéra.

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àṣà wa ni kí obìnrin wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni Sídíkátù wà. Àmínátù kò tíì pé ogún ọjọ́ tí wọ́n fi pè wá pé Músílíù, ọkọ Sídíkátù tó ń ta rédíò ní Ìdúmọ̀tà, ti kú. Èmi nìkan ni mo lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ. Láàárín àwọn àfáà ni mo ti dìde, mo ní àgbo ni wọ́n fún un mu títí ó fi kú, wọn kò gbé e dé ọsìbítù. Mo ní ọmọ-ọmọ mi kò ní débẹ̀ láéláé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu mi sì mú.

Ẹgbẹ̀rún náírà kan lẹ́nì kọ̀ọ̀kan la san dé Ìjẹ̀bú-Òde, a tún san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láti ibẹ̀ dé Ọ̀jọ́ta. Dírẹ́bà wa kò lè dákẹ́.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń mú sisí lọ?"

"Ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ni."

"Há! Dókítà wa, ọrùn yìí máa ń dùn mí gan-an o."

"Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò, bùrọ̀dá," ni Àmínátù wí. Kò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Ní Ọ̀jọ́ta a jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀ pátápátá. Ata rẹ̀ dúdú, ó sì ta ju tiwa lọ. Búrẹ́dì tútù la fi jẹ ẹ́. Bọ́ọ̀sì ńlá tó gbé wa wọ Erékùṣù kì í gba owó lọ́wọ́. Káàdì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, obìnrin kan ló bá wa tẹ tirẹ̀, a sì fún un lówó. Ìdúmọ̀tà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Nílé, èèyàn á kí ọ kó tó kọjá. Níbẹ̀, "Àgò o!" ni alábàárù máa ké, o sì gbọ́dọ̀ yà kíá.

Agboolé ẹbí Músílíù kò yí padà. Àlájà, ẹ̀gbọ́n Músílíù obìnrin, jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kí i. Ṣùgbọ́n ojú Àmínátù ló ń wò.

"Ẹ wo ojú Músílíù," ni ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Dípò kí n dákẹ́, mo ṣí báàgì mi. Mo ti tẹ ìwé tí olórí ẹbí máa fọwọ́ sí sílé, ibi ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Mo nà án sí i kó tó fún wa lómi mu pàápàá.

"Tíṣà, ẹ ò tíì béèrè ibi tó sùn sí," ni Àlájà wí. "Nínú ilé yìí, ọmọ kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹbí láì kọ́kọ́ kí òkú rẹ̀."

Ìta ìlú là ń sin òkú sí ní àdúgbò tiwa. Tiwọn wà lẹ́yìnkùlé, síméǹtì ni wọ́n fi bò ó. Àmínátù kúnlẹ̀ níwájú sàréè bàbá rẹ̀, ó ka Fàtíhà.

Nígbà tí a padà, Àlájà mú àpò ọ̀rá kan wá láti yàrá, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. Káàdì ọsìbítù ló wà níbẹ̀, ti ọsìbítù mẹ́ta. Àmínátù rọra ń kà wọ́n.

"Bàbá àgbà, kíndìnrín ni. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Òun ló ní ká má sọ," ni Àlájà wí. "Ó ní oyún wà nínú ìyàwó òun, kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Nígbà tẹ́ ẹ wá, ẹ ò jẹ́ ká lanu."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí síméǹtì. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

"Ẹ dìde, Bàbá. Ọdún méjìdínlógún la fi retí ọmọ wa. A ò retí ìdọ̀bálẹ̀ yín."

Wọ́n ránṣẹ́ pe olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i. Àlájà ní òun fúnra òun ló máa mú Àmínátù lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní ká wá ibi sùn sí.

"Bàbá àgbà, ilé wa nìyí," ni Àmínátù wí. "Ẹ máa lọ, ẹ sọ fún màmá mi."

Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo títí mo fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí ìrìnàjò yìí kọ́ mi kò dùn. Mo fi ọmọ du ẹbí bàbá rẹ̀ nítorí ohun tí n kò béèrè, mo sì ń pè é ní ìfẹ́.

Wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gíríbì nígbà tí mo wọlé. Sídíkátù wo ẹ̀yìn mi, kò rí ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, mo sì jókòó, mo sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú gan-an.

Ó jókòó tì mí. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń kú lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Àlájà."

Ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tó ń ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń múra ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó. N kò béèrè ọjọ́ tí yóò padà.