Alhaji Ìkrìmà Lọ Ra Aago, Ó Tà Á Wálé

Ọjọ́ tí Alhaji Ìkrìmà Àlàó lọ ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ní ọjà ńlá ìlú Tamale, kò ra ìkankan, ó sì ta mẹ́ta. Ó dé ọ̀dọ̀ Rashida, obìnrin tó ń ta fóònù, ó ní kó kó gbogbo aago bẹ́ẹ̀ tó ní jáde. Márùn-ún ni. Rashida ń sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, Alhaji ń mi orí.

"Ìwọ lò ń tà á, o ò lè bú u. Jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀."

Ló bá so méjì mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, méjì mọ́ ọwọ́ òsì, ó ká ṣòkòtò sókè, ó so èyí tó kù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yí ọjà po, èyí tí kò bá purọ́ nínú wọn lòun máa rà. Rashida ti ìsọ̀, ó tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára ọjà rẹ̀.

Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta tí ọkùnrin kan fi pè é: "Alhaji, eélòó ni tọwọ́ òsì yẹn?" Kàkà kó sọ pé òun náà wá rajà ni, ara oníṣòwò ò gbà á. "Èyí? Haba! Èyí kì í ṣe ti ẹni tó ń béèrè eélòó!" Ọkùnrin náà rà á lójú ẹsẹ̀. Obìnrin kan ra ìkejì. Ẹni kẹta ní tẹsẹ̀ lòun fẹ́, pé èyí tí wọ́n fi pamọ́ sísàlẹ̀ ló máa jẹ́ ojúlówó. Nígbà tí wọ́n padà dé ìsọ̀, inú Rashida ń dùn, ó bi í pé èwo ló máa mú nínú méjì tó ṣẹ́kù. Alhaji wò wọ́n pẹ̀lú ìríra. "Èyí tí gbogbo ọjà kọ̀, èmi ni kí n wá rà á?"

Táyà alùpùpù ni Alhaji ń tà ní ọjà Aboabo. Bàbá bàbá rẹ̀ ló rìn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, Alhaji sì máa ń sọ pé ìrìn tí bàbá yẹn rìn ti tó gbogbo ìdílé àwọn dé ìran kẹrin. Òun kì í rìn. Òdìkejì títì ni mọ́sálásí wà sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Gurugu, alùpùpù ló ń gùn lọ. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó ti dé.

Ṣùgbọ́n nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó tún un yẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kó máa rìn.

"Kí n rìn lọ síbo?"

"Kò síbi pàtó, Alhaji. Ẹ ṣáà máa rìn."

Alhaji délé, ó sọ fún Bàlkísù ìyàwó rẹ̀ pé dókítà tí wọ́n fún òun ò mọ̀nà.

Bàlkísù ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá rẹ̀, òun náà ló sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òun ló gbọ́ nípa aago yìí lẹ́nu àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì lé ọkọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Rashida lẹ́yìn ọjọ́ tó ta mẹ́ta wálé.

"Kí ni gbogbo nǹkan tó ń ṣe?" Alhaji bi Rashida.

"Ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn yín ṣe ń lù, ó sì ń ṣọ́ oorun yín."

"Ìyàwó mi ń ṣọ́ oorun mi, kì í gbowó. Yọ oorun kúrò. Ọkàn mi ń lù, èmi náà ń gbọ́ ọ. Yọ ọkàn kúrò. Eélòó ni ìṣísẹ̀ nìkan?"

"Kò ṣe é yọ, Alhaji."

"Ẹni tó fẹ́ ra itan, ṣé odindi màlúù lẹ máa ń dì fún un?"

Wọ́n fà á títí àwọn ará ìsọ̀ tó kù fi ń palẹ̀ mọ́. Níkẹyìn Rashida dín owó náà kù, kóun náà lè relé.

Aago yìí ní ìwà kan: béèyàn bá jókòó pẹ́, á gbọ̀n, á ní kó dìde. Ó gbọ̀n lọ́jọ́ kan tí Mallam Tahiru ń ṣe wáàsí ní mọ́sálásí. Alhaji, tó wà ní ìlà iwájú, dìde fùú. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ìrun ti yá, àwọn náà dìde. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo mọ́sálásí ti wà lórí ìdúró.

"Alhaji, ṣé kò sí nǹkan o?" Mallam bi í.

"Kò sí, Mallam. Aago ni."

Mallam rò pé àkókò òun ló ti kọjá. Ó tọrọ àforíjì, ó ká wáàsí nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó bá ń kánjú a máa du àyè ẹ̀gbẹ́ Alhaji.

Ṣùgbọ́n àṣírí tó dùn mọ́ ọn jù lọ, inú ṣọ́ọ̀bù ló ti rí i. Bí Alhaji bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Á máa fì í sókè sódò bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Oníbàárà kan wá ná táyà lọ́jọ́ kan, àríyànjiyàn náà sì gbóná. Lójijì aago gbọ̀n, iná aláràbarà tàn lójú rẹ̀, ó kí Alhaji kú iṣẹ́ pé ó ti rin ìrìn òní pé. Alhaji ò tíì dìde lórí àga láti àárọ̀. Ó di oníbàárà náà lọ́wọ́ mú. "Má rà á o. Jọ̀ọ́, padà wá lọ́la, ká tún jà."

Bó ṣe di pé ó ń wá àríyànjiyàn kiri nìyẹn. Mumuni, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ló jìyà rẹ̀ jù. Mumuni ní òjò máa rọ̀, Alhaji ní kò ní rọ̀. Mumuni, kó lè rójú ránṣọ, gbà pé kò ní rọ̀. Alhaji fò fẹ̀rẹ̀: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Lálaalẹ́ ló ń fi ojú aago han Bàlkísù, Bàlkísù á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títí ó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò, tí aago ń tàn.

"Bàlkísù! Wò ó, ó ti pé!"

Obìnrin náà ò pariwo. "Bàbá Hafeez," ó ní, "ta lẹ ń tàn? Ṣé aago ni, àbí èmi?"

Ọwọ́ Alhaji dúró lójú kan. Mumuni búra pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tóun ti mọ̀ ọ́n.

"Mo ti sin bàbá mi," Bàlkísù ní. "Mo ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá jẹ́ pé kí n máa múra de tiyín ni, ẹ sọ fún mi." Omi ti lé sí i lójú.

Alhaji tú aago náà kúrò lọ́wọ́, ó fi í sápò. Ó ju kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sí Mumuni. "Ó yá, Bàlkísù. Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn relé."

Ìrìn náà kì í ṣe kékeré. Ó ń dúró kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, wọ́n ń kígbe "Naa!" dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kíkí nílùú náà, ó sì ń ná ọ̀nà bí ẹni ń nájà.

"Jẹ́ ká sinmi lábẹ́ igi yẹn."

"A ò ní sinmi."

"Ìdajì òjìji rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n délé, ọbẹ̀ ti dì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún rìn. Ó di àṣà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aago wà nínú dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó rántí fi í sí iná. Bàlkísù sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀yìn ọkọ òun lórí alùpùpù lòun máa ń jókòó sí: "Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa. Àṣé ojú rẹ̀ náà dùn ún wò."

Ibà ló mú Alhaji lọ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Kó tó lọ, dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kò ru rárá. Alhaji, lórí ibùsùn, bínú gidigidi pé òun ti ilẹ̀kùn iwájú tán, àlejò wá gba ojú fèrèsé.

Ìrọ̀lẹ́ tí Bàlkísù jáde opó, òun nìkan ló gba ọ̀nà tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń rìn. Kò tíì rìn jìnnà tí Jùwáíríyà, tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá títì, fi dìde fún un lórí àpótí rẹ̀.

"Ìyá Hafeez, a ti ń retí yín. Ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ̀kan nínú ìtàn Alhaji fún wa, èyí táwa ò mọ̀."

Bàlkísù jókòó. Ó ní lọ́jọ́ tí Ìkrìmà wá tọrọ òun lọ́wọ́ bàbá òun, bí ó ṣe wọlé ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí bóyá iṣu Yendi dùn ju iṣu Salaga lọ. Wọ́n jà á títí, Ìkrìmà borí, ó bọ́ síta tayọ̀tayọ̀, ó ń lọ. Nígbà tó yá, ó padà wá kanlẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbàgbé nǹkan síbí."

"Kí lo gbàgbé?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Jùwáíríyà bú sẹ́rìn-ín. Bàlkísù náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún díẹ̀, Jùwáíríyà fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún lójú. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ bo ẹ̀pà rẹ̀, ó wọ bàtà, àwọn méjèèjì jọ mọ́nà pọ̀n.